Kọ́míìkì orí ayélujára: ẹ̀rọ wo, kánfáàsì wo, kí ni ká sì ṣe sí àwọn olólùfẹ́ tó ń tún un yà?

Ọ̀gbẹ̀rìÌlà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Kọ́míìkì tí wọ́n ń fi ìka fà wálẹ̀ lórí fóònù ni mo fẹ́ máa gbé jáde, apá kan lọ́sẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní ojú ni kí n rà, àbí pátákó dúdú tí a ń ya nǹkan lé lórí nígbà tí ojú ń wo kọ̀ǹpútà? Báwo ni kánfáàsì ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, kó má baà di bàìbàì bí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé lọ́la? Ẹ̀kẹta, bí àwọn òǹkàwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ẹ̀dá ìtàn mi, tí wọ́n ń pín in káàkiri, ṣé kí n máa wò wọ́n níran ni, àbí kí n ṣe òfin? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Nọ́ńbà ni mo fẹ́.

Adáwọ̀lé

Ẹ káàbọ̀ sídìí iṣẹ́. Ìbéèrè kejì yín ló yẹ kó ṣáájú, torí ibi tí wọn yóò ti kà á ló máa sọ irú ẹ̀rọ tí ẹ nílò.

Webtoon, ìkànnì tí wọ́n ti ń ka irú kọ́míìkì yìí, ń fẹ́ àwòrán tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 800, tó ga ní 1280, tí fáìlì kọ̀ọ̀kan kò sì ju 2MB lọ. Ti Tapas, ìkànnì irú rẹ̀, fẹ̀ tó 940. Ẹni tó bá wá yà á ní 800 gan-an ti há ara rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀: etí ìlà á rí págunpàgun, kò sì sí bó ṣe máa dé orí ìwé. Ẹ yà á ní ìlọ́po mẹ́ta, ìyẹn 2400. Àwọn atẹ̀wé ń béèrè píksẹ́lì 300 fún íǹṣì kan bí àwòrán bá ní àwọ̀, 2400 á fún yín ní íǹṣì 8, bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Ó tó ojú ìwé kan dáadáa. Àmọ́ bó bá jẹ́ dúdú àti funfun lásán ni, 600 ni wọ́n ń béèrè, íǹṣì 4 péré ló máa kù lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ń ya dúdú-àti-funfun, tó sì ní ìwé lọ́kàn, kó gbé e lọ sí 4000.

Gíga rẹ̀ wá ńkọ́? Ibí ni kọ̀ǹpútà ti máa ń kú. Kánfáàsì 2400 sí 12000 jẹ́ píksẹ́lì mílíọ̀nù 28.8. Báìtì mẹ́rin ni píksẹ́lì kan ń jẹ, nítorí náà ìpele kan ṣoṣo (ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn abala tí a ń tò léra láti fi ya àwòrán) á gba nǹkan bíi 115MB nínú ọpọlọ ẹ̀rọ. Ìpele 20, ó ti lé ní 2GB, ẹ ò tíì ṣí ohun mìíràn. Ẹ má gbìyànjú láti gbé odindi apá kan sórí kánfáàsì kan. Ẹ pín in sí márùn-ún tàbí mẹ́fà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ibi tí ẹ gé e kò bọ́ sí àárín bálùùnù ọ̀rọ̀ tàbí ojú èèyàn. Àlàfo funfun ni kí ẹ gé.

Ìlà tí kò nípọn tó píksẹ́lì 3 ní 2400 yóò di eérú lẹ́yìn tí ẹ bá dín in kù sí 800, torí mẹ́ta ló ń wọ inú ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí èyí tó tín-ín-rín jù lọ jẹ́ 5. Bí ẹ bá ń lo àwọn àmì tótòtó tí a fi ń ṣe òjìji, ẹ̀yìn tí ẹ bá dín àwòrán kù tán ni kí ẹ tó da wọ́n lé e. Bí wọ́n bá bá àwòrán kéré lọ, wọ́n á di ìgbì tó ń ṣe ojú ní ṣẹ́ṣẹ́. Kí ẹ sì ṣọ́ JPG níbi tí pupa bá ti kan dúdú: bí ètò rẹ̀ bá wà ní 4:2:0, àwọ̀ píksẹ́lì mẹ́rin ló ń dà pọ̀ di ẹyọ kan, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ yà sí aṣọ dúdú á máa ṣàn kọjá ìlà. Ẹ yan 4:4:4, ìwọ̀n 90, àwọ̀ sRGB. Àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí kò ní ìyípadà díẹ̀díẹ̀, PNG ló yẹ ẹ́.

Ìmọ̀ràn kan tó kù fún ìwé: kí àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ láàárín àwọn ìpele, kí ẹ sì ya ohun tó wà nínú rẹ̀ kọjá etí àpótí díẹ̀. Kọ́míìkì tí a ń fà wálẹ̀ kò ṣeé gbé sórí ojú ìwé bó ṣe wà. Ẹ máa tún àpótí tò, ẹ máa fẹ òmíràn. Ẹni tó ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí ìpele kan ti dáràn.

Onípẹ́ẹ̀nì

Ẹ̀gbọ́n ti kì í mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹ̀rọ.

Tí ẹ bá ti ní kọ̀ǹpútà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pátákó tí kò ní ojú. Ó fúyẹ́, iwájú gan-an lèèyàn ń wò nítorí náà ọrùn kì í dunni, kò sì sí ohun tó ń gbóná lábẹ́ ọwọ́. Ìyà rẹ̀ ni pé ọwọ́ wà níbì kan, ojú wà níbòmíràn. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ara tó gbà á. Ẹ mú èyí tí ibi ìyàwòrán rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 15. Bí ẹ bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, inú ètò rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ojú kọ̀ǹpútà mu. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa ya òbíríkítí, yóò máa di ẹyin.

Ẹ má jẹ́ kí 8192 tí wọ́n ń kọ sára páálí, ìyẹn iye ìwọ̀n agbára ìtẹ̀ tí pẹ́ẹ̀nì mọ̀, tàn yín. Ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti 2048, ọwọ́ èèyàn kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọwọ́ mọ̀ ni bí pẹ́ẹ̀nì ṣe tètè ń gbọ́: èyí tó dára á kọ bí ẹ bá ti fi ìwọ̀n gíráàmù 3 bẹ́ẹ̀ kàn án. Èyí tí kò dára á retí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí orí ìlà yín á fi máa gé kùtẹ̀ dípò kó tín-ín-rín wọlé.

Bó bá jẹ́ olójú lẹ fẹ́, ohun méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi etí pẹ́ẹ̀nì kan gíláàsì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí pẹ́ẹ̀nì bá wà níbí tí àmì rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, wọn kò lẹ gíláàsì yẹn mọ́ ojú rẹ̀, kò sì sí ètò tó lè tún un ṣe tán. Lẹ́yìn náà ẹ gbé rúlà lé e, kí ẹ fa ìlà dágbáńdagbán láti igun kan dé ìkejì, jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rìn lórí ẹyin. Bí ìlà bá ń jó bí ejò, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa jó títí láé. Ẹ fi í sílẹ̀.

Nǹkan tó sábà ń yọ ọ̀gbẹ̀rì lẹ́nu kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ, dráífà ni, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ ti pẹ́ẹ̀nì. Ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn, kí ẹ tó fi tuntun sí i. Dráífà ilé iṣẹ́ méjì lórí kọ̀ǹpútà kan a máa bá ara wọn jà, ìlà á sì máa jáde ní ìwọ̀n kan náà bí ẹ tiẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú Krita tó jẹ́ ètò ìyàwòrán, ẹ wọ Settings, Configure Krita, Tablet settings, kí ẹ yí i láti WinTab sí Windows Ink tàbí kí ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì á gbọ́. Bí òbíríkítí kékeré bá ń yọ lórí Windows nígbàkígbà tí ẹ bá fi pẹ́ẹ̀nì dúró lójú kan, ẹ pa ètò tí Windows fi ń sọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ di títẹ apá ọ̀tún máòsì.

Lórí iPad, Apple Pencil nìkan lẹ lè fi ọkàn tán fún títẹ̀ wúwo àti títẹ̀ fúyẹ́, àyàfi èyí tí wọ́n ń pè ní Apple Pencil (USB-C), òun kò mọ agbára ọwọ́. Ọ̀pọ̀ pẹ́ẹ̀nì olówó pọ́ọ́kú mọ ìgbà tí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣùgbọ́n wọn ò mọ agbára ọwọ́. Kí bátìrì rẹ̀ má sùn sí òfo fún oṣù mélòó kan o, ó lè ṣàìjí mọ́. Bí Procreate lẹ ń lò, iye ìpele tí ẹ ó rí dá lórí títóbi kánfáàsì àti ọpọlọ iPad náà, nítorí náà ẹ ka ìkìlọ̀ Adáwọ̀lé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá sì ti padà sí gálárì, gbogbo àtúnpadà tí ẹ lè ṣe ti lọ nìyẹn. Kí ẹ dá ohun gbogbo lójú kí ẹ tó jáde.

Ẹni tó ní fóònù nìkan ńkọ́? ibisPaint tàbí MediBang, kó bẹ̀rẹ̀.

AkọBálùùnù

Ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ inú bálùùnù, bẹ́ẹ̀ òun lòǹkàwé ń sá fún.

Ojú fóònù ń sún àwòrán 800 kì di nǹkan bí ìdajì. Lẹ́tà tó bá jẹ́ píksẹ́lì 20 ní 800 á di bíi 10 lójú ẹni tó ń kà á nínú ọkọ̀. Ẹ má ṣe kéré sí 28 ní 800, ìyẹn 84 lórí kánfáàsì 2400 yín. Ọ̀rọ̀ 20 sí 25 nínú bálùùnù kan ti tó. Bó bá lé, ẹ là á sí méjì, kí ẹ fi ìrù so wọ́n pọ̀.

Fún àwa tó ń kọ Yorùbá, fọ́ńtì ni ogun. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà (U+1EB9, U+1ECD, U+1E63). Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo. Lẹ́tà oníàmì ìsàlẹ̀ la fi ohùn U+0301 tàbí U+0300 lé lórí. Fọ́ńtì kọ́míìkì tó pọ̀ kò mọ ibi tó yẹ kí ohùn náà jókòó sí. Á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfo rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó gbà fún fọ́ńtì kankan, ẹ tẹ ìlà yìí: Ẹ̀ Ẹ́ Ọ̀ Ọ́ Ṣ ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ ń ǹ. Ibi tó bá ti ṣubú lẹ máa rí i. Andika, Gentium, Charis àti Noto Sans kì í já a. Ìwé àṣẹ wọn, SIL Open Font License, sì gbà kí ẹ lò wọ́n nínú iṣẹ́ tí ẹ ń tà, bí ẹ kò bá ti ta fọ́ńtì náà fúnra rẹ̀. Lójú tèmi, Andika ló sún mọ́ ìfọwọ́kọ jù láàárín wọn. Èyí tí wọ́n kọ "ọ̀fẹ́ fún ìlò ara ẹni" sí lára kò sí fún kọ́míìkì tí àwọn alátìlẹ́yìn ń sanwó fún.

Àlàfo àárín ìlà náà: 120% tí ètò máa ń fún yín wà fún èdè tí kò ní ohùn lórí. Tiwa, àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè á máa gun orí àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e sí 135 tàbí 140. Bí ètò ìyàwòrán yín kò bá gbé àmì dáadáa, ẹ kọ ọ̀rọ̀ nínú Inkscape, kí ẹ gbé e jáde ní PNG tí kò ní ẹ̀yìn, kí ẹ gbé e lé àwòrán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ ìpele ọ̀rọ̀ di àwòrán nínú fáìlì àkọ́kọ́. Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan á fẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ̀rìÌlà

Mo dúpẹ́ o. Inkscape ni ti ọ̀rọ̀, ó yé mi. Ìbéèrè kẹta ńkọ́? Ó tún ku ọ̀kan: bí mo bá ti gbé e sórí Webtoon, ṣé ó ṣì jẹ́ tèmi?

Ẹ̀tọ́Ẹni

Ó ṣì jẹ́ tiyín. Àdéhùn Berne ti ọdún 1886 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀tọ́ àdàkọ ń bẹ̀rẹ̀ láìsí pé ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ó kéré tán, ó wà títí ọdún 50 lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Ohun tí ẹ ń fún pèpéle ni àṣẹ láti fi iṣẹ́ yín hàn. Ẹ wá inú àdéhùn wọn fún ọ̀rọ̀ "non-exclusive": bó bá wà níbẹ̀, ẹ lè gbé iṣẹ́ kan náà síbòmíràn. Bó bá jẹ́ "exclusive", ẹ wò ó fún ọdún mélòó, àti ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ máa padà sọ́wọ́ yín. Bí kò bá sí ọjọ́ ìpadà, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Kí àwọn olólùfẹ́ lè mọ ibi tí wọ́n lè dé, ìwé àṣẹ Creative Commons wà, láti 2002. BY: kí wọ́n dárúkọ yín. NC: kí wọ́n má fi pawó. SA: kí ohun tí wọ́n bá ti inú rẹ̀ ṣe náà wà lábẹ́ àṣẹ kan náà. ND: kí wọ́n má pín ohun tí wọ́n bá yí padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ND yìí. Wọ́n á fẹ́ kí àwọn òǹkàwé túmọ̀ kọ́míìkì wọn, wọ́n á sì tún yan BY-NC-ND torí pé ó dà bí èyí tó láàbò jù. Ìtumọ̀ jẹ́ àyípadà, nítorí náà ẹ ti tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ẹ ń pè wọlé. Ẹ sì rántí pé àṣẹ yìí kì í ṣeé gbà padà. Ẹ lè dá a dúró fún apá tuntun, àmọ́ ẹni tó ti gba ti àtijọ́ ti gbà á nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀nà tó ti ṣiṣẹ́ fún kọ́míìkì orí ayélujára méjì: xkcd wà lábẹ́ BY-NC 2.5, ẹnikẹ́ni lè pín in bí kò bá ti tà á. Pepper&Carrot ti David Revoy wà lábẹ́ BY, ó sì ń gbé fáìlì Krita rẹ̀ síta pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí àwọn òǹkàwé fi lè túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó pọ̀ láìbẹ ẹnì kankan.

Ní ti àwọn tó ń gbé odindi apá yín sórí ìkànnì wọn: bí ìkànnì náà bá wà ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí wọ́n ń pè ní DMCA, ti 1998, lẹ máa lò. Lẹ́tà tí ẹ fi ń ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò gbọ́dọ̀ ní ìjápọ̀ sí iṣẹ́ yín, ìjápọ̀ sí àdàkọ náà, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kàn sí yín, gbólóhùn pé ẹ gbà pẹ̀lú ọkàn mímọ́ pé kò sí àṣẹ, gbólóhùn pé òótọ́ ni ohun tí ẹ kọ, àti ìfọwọ́sí. Bí ẹnì kejì bá kọ lẹ́tà àtakò, iṣẹ́ náà lè padà sórí ìkànnì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14, àyàfi bí ẹ bá pè é lẹ́jọ́. Ẹ ṣọ́ra o: orúkọ àti àdírẹ́sì yín lè dé ọwọ́ ẹni náà. Ẹni tó bá ń fi orúkọ àjẹ́mọ́ṣẹ́ pamọ́ra, kó jẹ́ kí aṣojú fi lẹ́tà ránṣẹ́ fún un.

Alábòójútó

Ẹ kọ òfin, kí ẹ kọ ọ́ kí èèyàn tó pọ̀. Òfin tó dé lẹ́yìn ìjà, ẹnìkan ni gbogbo ayé á máa rò pé wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Ojú ìwé kan péré, ní èdè tó yé ọmọ ọdún 13. Yíyà ẹ̀dá ìtàn: bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n so ìjápọ̀ mọ́ ọn. Fífi àpótí kan ṣe àwòrán ojú ìwé wọn: bẹ́ẹ̀ ni. Títúmọ̀: bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn ọjọ́ 7 tí apá náà bá jáde. Títà: ẹ fún wọn ní nọ́ńbà. "Ohun àfọwọ́ṣe, kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ" dára ju "díẹ̀díẹ̀" lọ, torí díẹ̀ ti ẹnìkan lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Ẹ má gba ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ aṣọ fún ẹni tó bá fẹ́, ibẹ̀ kò ní òpin. Àwòrán ìṣekúṣe tó kan ẹ̀dá ìtàn tó jẹ́ ọmọdé: rárá, láìsí àlàyé. Kì í ṣe ohun tuntun kí olólùfẹ́ máa ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Láti 1975 ni Comiket ti wà ní Japan, àwọn ìwé tí olólùfẹ́ fúnra wọn tẹ̀ sì ni ọjà ibẹ̀.

Iṣẹ́ olólùfẹ́, ìlà rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀dá ìtàn jẹ́ tiyín. Ẹ má fi ṣe èèpo ìwé, ẹ má tà á, àyàfi bó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà. Kí ẹ tó tún un pín, ẹ béèrè.

Ìtàn tí olólùfẹ́ kọ nípa ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ẹ má kà á. Bí ẹ bá kà á, tí apá kẹwàá yín wá jọ ọ́, kò sí ẹni tó máa gbà pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rò ó. Ẹ máa fi ìlànà ìtàn ránṣẹ́ sí í-meèlì ara yín lóṣooṣù kó lè ní déètì.

Àmì hásítáàgì: ẹ má fi ohùn sí i. Ìdajì á tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì, ìdajì á tẹ̀ ẹ́ láìní, ẹgbẹ́ yín á pín sí yàrá méjì tí kò mọ ara wọn. Kí ẹ kọ́kọ́ wá a kí ẹ mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti ń lò ó. Lórí Discord, ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ẹgbẹ́, yàrá ọ̀tọ̀ fún apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí ẹ sì mọ ibi tí ètò ìfàsẹ́yìn wà: ó lè dá ẹnìkan dúró láti ìṣẹ́jú àáyá 5 títí dé wákàtí 6 kó tó tún kọ̀rọ̀. Nígbà ìjà ta ni ó yẹ kó fẹ́ ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó láti pa iná.

OlùṣọFáìlì

Kí wọ́n tó máa jí i, ó lè kọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Ibi ìpamọ́ orí ayélujára tó ń bá kọ̀ǹpútà yín ṣe ohun kan náà nígbà kan náà kò tó láti dá gbára lé: bí ẹ bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ níbí, á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ mú fáìlì kan láti inú ẹ̀dà kẹta kí ẹ ṣí i. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí rí, ìrètí lásán ni.

Bí fáìlì .kra, ìyẹn fáìlì Krita, bá kọ̀ láti ṣí, ẹ má sunkún kíá. Fáìlì zip ni nínú lọ́hùn-ún. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ yí ìparí orúkọ rẹ̀ sí .zip, ẹ tú u, ẹ wá mergedimage.png. Ìpele ti lọ, àmọ́ odindi àwòrán á wà níbẹ̀. Ẹ tún wo inú fódà kan náà fún èyí tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú ~, ẹ̀dà bó ṣe wà kí ẹ tó fi pamọ́ gbẹ̀yìn ni.

Nípa orúkọ lára àwòrán, ẹ má fi èyí ńlá gba àárín ojú. Òǹkàwé yín lẹ ń fìyà jẹ, olè á gé e dànù. Orúkọ àti àdírẹ́sì ìkànnì yín, kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kan nínú mẹ́ta, nítorí àpótí ẹyọ kan ni wọ́n sábà ń gé pín. Bó bá sì jẹ́ fóònù lẹ fi ya fọ́tò àwòrán orí bébà, ẹ yọ ìsọfúnni ibi tí ẹ wà kúrò nínú fáìlì kí ẹ tó gbé e sórí ìkànnì ara yín. Pèpéle ńlá lè bá yín yọ ọ́, ìkànnì tiyín kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ẹ ní ìkànnì ara yín o, bó tilẹ̀ kéré, pẹ̀lú RSS, tó ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ bí apá tuntun bá jáde. Pèpéle lè yí òfin rẹ̀ padà lóru ọjọ́ kan.

AkọBálùùnù

Ẹ dákun, Glaze tí Yunifásítì Chicago gbé jáde ní 2023 ńkọ́, èyí tí wọ́n ní ó ń da ẹ̀rọ AI láàmú?

OlùṣọFáìlì

Ó wà, àmọ́ ìgbẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ lò ó, lẹ́yìn tí ẹ bá dín àwòrán kù tán. Ó ń jẹ agbára ẹ̀rọ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni lórí àwọ̀ tó tẹ́jú, èyí tí kọ́míìkì kún fún, ẹ ó máa rí i bí ẹ̀gbin lórí aṣọ funfun. Àwòrán èèpo nìkan ni mo rò pé ó yẹ fún. Kò dáàbò bo nǹkan pátápátá ṣá.

Ọ̀gbẹ̀rìÌlà

Mo ti ṣe kánfáàsì 2400 sí 12000 láti fi dán an wò. Nígbà tí mo dín in kù tí mo gé e, ègé mẹ́ta ló pé 1280, ẹ̀kẹrin wá jẹ́ 160 péré bí ìrù. Kí ló fà á?

Adáwọ̀lé

Èmi ni mo fà á. 12000 tí mo sọ ń di 4000 ní ìwọ̀n 800, ègé 1280 mẹ́ta sì jẹ́ 3840. 160 tó kù nìyẹn. Ẹ lo 2400 sí 11520, á di 3840 gééréje. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, 15360 á fún yín ní ègé mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìpele kan ti di nǹkan bíi 147MB nìyẹn.